Ìgò Wáìnì Pupa fún Ọjọ́ Ńlá: Kí Gan-an Lẹ Ń Sanwó Fún?

Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ilé ìfowópamọ́ àgbà Nàìjíríà ti fi náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà, wáìnì tó ń ti òkè òkun wọlé ti di ohun tí èèyàn ń rò dáadáa kó tó rà. Síbẹ̀, àádọ́ta ọdún màmá kò ní torí ìyẹn kó má pé, ọmọ tó gboyè kò sì ní torí rẹ̀ kó má ṣàjọyọ̀. Èèyàn á wọ ṣọ́ọ̀bù, á bá ìgò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: àwọ̀ kan náà, èdè Faransé lára méjèèjì, wọ́n kọ Grand Vin, ìyẹn wáìnì ńlá, sára méjèèjì, ṣùgbọ́n owó ọ̀kan tó ìlọ́po mẹ́wàá èkejì. Tó bá bi ẹni tó ń tajà, ohun tó máa gbọ́ ni, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ni ojúlówó." Ó parí.

Ó tọ́ kí èèyàn béèrè ohun tó wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ ọdún márùn-ún ni. Nígbà mìíràn, orúkọ lásán ni. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ tí òfin ń ṣọ́ lára ìgò ló yẹ kí èèyàn náwó ńlá lé lórí. Èyí tí ẹni tó ṣe é kọ síbẹ̀ láti fi yin ara rẹ̀, kò yẹ kó mú wa fi kọ́bọ̀ kún un.

Kí ló dé tí wáìnì olówó gọbọi fi ń korò?

Bí wọ́n bá fún àjàrà dúdú, omi tí kò ní àwọ̀ pupa ló sábà ń jáde lára rẹ̀. Èèpo ló ń fún wáìnì pupa láwọ̀. Nítorí náà, wọ́n á jẹ́ kí èèpo àti kóró wà nínú omi náà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ìwúkàrà á máa jẹ ṣúgà inú rẹ̀, á sì máa sọ ṣúgà náà di ọtí. Bí ìwúkàrà bá jẹ ẹ́ tán, adùn ti lọ nìyẹn. Irú wáìnì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní dry, ọ̀pọ̀ jù lọ wáìnì pupa tó gbówó lórí láyé ló sì rí bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì tó ń ti ara èèpo àti kóró wá ni táníìnì. Ẹni tó bá ti jẹ obì rí ti mọ̀ ọ́n: òun ló ń fún ahọ́n, tó ń gba itọ́ lẹ́nu, tí omi tútù téèyàn bá mu tẹ̀ lé e á wá máa dùn. Ó máa ń pọ̀ nínú wáìnì tí wọ́n ṣe fún ìpamọ́, torí ó wà lára ohun tí kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, á máa rọ̀ nínú ìgò, òórùn èso tútù á sì máa yí padà sí ti èso gbígbẹ, ti awọ, ti ewé tábà. Ìyẹn ló fà á tí ìgò olówó ńlá tí kò tíì gbó fi lè burú lẹ́nu ju èyí tí wọ́n ń pín kiri lóde ìnáwó lọ. Wáìnì náà kò lábùkù, wọ́n ṣí i láìtọ́jọ́ ni.

Ta ló máa mu ún?

Kí ẹ tó wo ìgò rárá, ẹ wo ẹni tí ẹ fẹ́ fún. Mùsùlùmí tí kì í fọwọ́ kan ọtí wà, ọmọ ìjọ tí wọn kò fẹ́ kó gbóòórùn rẹ̀ wà. Ẹ̀bùn mìíràn ni tiwọn. Ó wá ku àwọn tó pọ̀ jù nínú wa, àwọn tó fẹ́ràn wáìnì dídùn. Ẹni tó ti fi ogún ọdún mu dídùn, tí ẹ wá gbé Bordeaux, wáìnì Faransé tí kò dùn, fún lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á kí yín kú ìnáwó, á sì gbé e fún dírẹ́bà bí ẹ bá ti yíjú. Kò sí ẹni tó rán yín níṣẹ́ olùkọ́ lọ́jọ́ ìbí ẹlòmíràn.

Port ni mo máa ń ní kí wọ́n rà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àfonífojì odò Douro ní ilẹ̀ Pọ́túgà ló ti ń wá. Nígbà tí ìwúkàrà kò tíì jẹ ṣúgà tán, wọ́n á da ọtí líle tí wọ́n sè láti ara àjàrà sí i. Ọtí yẹn á pa ìwúkàrà, ṣúgà tó kù á sì dúró. Ó dùn, ó sì le: wáìnì pupa yòókù sábà máa ń wà láàárín ìdá 12 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ Port máa ń wà láàárín 19 sí 22. Ife kékeré ni wọ́n fi ń mu ún.

Èyí tí wọ́n kọ Tawny sí, pẹ̀lú nọ́ńbà 10, 20, 30 tàbí 40, ni kí ẹ wá. Nọ́ńbà yẹn ń tọ́ka sí bí ọtí inú rẹ̀ ṣe gbó tó nínú àgbá, àjọ tó ń bójú tó Port ní Pọ́túgà sì gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò kí wọ́n tó gbà kí wọ́n kọ ọ́ sára ìgò. Tawny 20 tó ọjọ́ ńlá ṣe. Ẹ lè fi kéèkì tàbí ẹ̀pà sísun mu ún, bí ẹ bá sì ṣí i tán, ó lè wà nínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó má bàjẹ́. Vintage Port kì í ṣe ohun kan náà: inú ìgò ló ti ń gbó fún ogún, ọgbọ̀n ọdún, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ní láti sẹ́ ẹ kí wọ́n tó bù ú. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lò.

Ibo lowó ìgò kan ń gbà lọ?

Ẹ jẹ́ ká lo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí ìṣirò tiwọn hàn sí gbogbo èèyàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń rà á sínú báàgì bọ̀ wálé. Bí ọtí inú ìgò bá ṣe le tó ni wọ́n fi ń ṣírò owó orí rẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á. Ní ìṣirò ọdún 2025, ìgò tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 13, owó orí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi £2.88, yálà £7 ni wọ́n ń tà á tàbí £700. VAT tún wà lórí ìyẹn.

Ẹ wá wò ó. Nínú ìgò £7, VAT á kó £1.17, owó orí á kó £2.88, £2.95 ló kù. Nínú £2.95 yẹn ni owó ìgò, owó kọ́ọ̀kì, owó ọkọ̀ ojú omi àti èrè ṣọ́ọ̀bù ti máa jáde, kó tó wá kan wáìnì fúnra rẹ̀. Nínú ìgò £25, £17.95 ló kù. Owó tí ẹ san kò tó ìlọ́po mẹ́rin, ohun tó kù sílẹ̀ fún wáìnì àti àwọn tó ṣe é lé ní ìlọ́po mẹ́fà. Ìdí nìyí tí fífi owó kún owó ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn fi máa ń hàn lẹ́nu.

Lẹ́yìn owó orí ni iṣẹ́. Àgbá igi óákù tí wọ́n ń lò ní Bordeaux ń gba lítà 225, ìyẹn ìgò 300, tuntun rẹ̀ sì ń náni ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún yúrò. Wáìnì tó bá lo ọdún méjì nínú àgbá, tó tún lo ọdún méjì nínú ìgò kó tó jáde, owó ẹni tó ṣe é ti há sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ fún ọdún mẹ́rin gbáko.

Orúkọ ló kàn, ibẹ̀ ni owó ti ń gun òkè láìbojú wẹ̀yìn. Oko Romanée-Conti ní agbègbè Burgundy nílẹ̀ Faransé kò ju hẹ́kítà 1.8 lọ. Ní ọdún 1945, nǹkan bí ìgò 600 péré ni wọ́n rí ṣe níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ilé gbàǹjo Sotheby's ta ọ̀kan nínú wọn ní New York ní $558,000. Kò sí ohun téèyàn lè gbé mì tó tó iye yẹn. Ohun tí ẹni náà rà ni ìgò tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́ láyé.

Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2008 kó ìtọ́wò tó lé ní 6,000 jọ, tí wọ́n fi iye owó pa mọ́ fún àwọn tó ń tọ́ ọ wò. Àwọn tí kò kọ́ nípa wáìnì kò fẹ́ràn olówó ńlá ju èyí tí kò wọ́n lọ. Kódà, èyí tí kò wọ́n tilẹ̀ wù wọ́n díẹ̀ sí i. Mi ò ní torí rẹ̀ sọ pé kí ẹ má náwó o. Ohun tí mò ń sọ ni pé láàárín £20 sí £50 ni owó ti ń ṣiṣẹ́ jù lọ. Tó bá ti kọjá £100, orúkọ àti ọ̀wọ́n lẹ fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ rà.

Ọ̀rọ̀ wo ló ní òfin lẹ́yìn?

Sípéènì ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Ní Rioja, ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, níbi tí wọ́n ti ń lo àjàrà Tempranillo jù, òfin ló ń pín àwọn ọ̀rọ̀ ara ìgò. Tí ẹ bá rí Reserva, ó kéré tán, ọdún mẹ́ta ni wáìnì náà ti wà lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é, ọdún kan nínú rẹ̀ nínú àgbá. Tí ẹ bá rí Gran Reserva, ọdún márùn-ún ni, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ọdún méjì nínú àgbá àti méjì nínú ìgò. Ìyẹn ni pé wọ́n ti bá yín dúró dè é. Ẹ lè ṣí i lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ rà á, táníìnì rẹ̀ á ti rọ̀. Síbẹ̀, owó rẹ̀ kì í sábà dé ibi tí owó Bordeaux tó gbó tó bẹ́ẹ̀ dé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n mú orúkọ kan ṣoṣo fún ẹni tí kò tíì ra irú nǹkan báyìí rí, Rioja Gran Reserva ni. Ẹ wá La Rioja Alta, CVNE, Muga tàbí López de Heredia: ilé ọtí àtijọ́ ni gbogbo wọn, wọn kì í sì í kánjú. Imperial Gran Reserva ọdún 2004, tí CVNE ṣe, ni ìwé ìròyìn Wine Spectator fi ṣe wáìnì tó ta gbogbo èyí tó kù yọ ní ọdún 2013.

Ẹ ṣọ́ra o: Reserva lára ìgò Chile kì í ṣe Reserva ti Rioja. Òfin tiwọn yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni ló lè kọ Reserve sára ohun tó ṣe lánàá.

Ítálì náà ní òfin tó le. Barolo, tí wọ́n ń fi àjàrà Nebbiolo ṣe ní Piedmont, kò gbọ́dọ̀ jáde kó tó lo oṣù 38, oṣù 18 nínú rẹ̀ nínú igi. Brunello di Montalcino ti agbègbè Tuscany gbọ́dọ̀ dé oṣù kìíní ọdún karùn-ún lẹ́yìn ìkórè. Àwọn méjèèjì dára gan-an, àmọ́ táníìnì Barolo le. Lẹ́yìn oṣù 38 yẹn pàápàá, ó ṣì lè fẹ́ ọdún márùn-ún, mẹ́fà sí i.

Ti Burgundy ni ó máa ń da gbogbo èèyàn lójú rú. Ibẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n fi oyè fún, wọn kò fi fún ẹni tó ń ṣe ọtí. Bourgogne lásán ló wà nísàlẹ̀. Orúkọ abúlé ló tẹ̀ lé e. Premier Cru tẹ̀ lé ìyẹn. Grand Cru ló wà lókè pátápátá. Ibi tí èèyàn ti ń já sínú kòtò ni orúkọ. Chambertin jẹ́ oko Grand Cru. Abúlé tó wà nídìí rẹ̀ ń jẹ́ Gevrey tẹ́lẹ̀, àfi bí wọ́n ṣe fi orúkọ oko náà kún tiwọn ní ọdún 1847 tí wọ́n di Gevrey-Chambertin. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ra wáìnì abúlé lè máa rò pé wáìnì oko ńlá lòun gbé dání. Ọgbọ́n àwọn ará abúlé yẹn wù mí.

Bordeaux ńkọ́? Ní ọdún 1855, nígbà tí Napoleon Kẹta fẹ́ ṣe ìpàtẹ àgbáyé ní Paris, àwọn alágbàtà Bordeaux to àwọn ilé ọtí Médoc, apá kan ní Bordeaux, pẹ̀lú Haut-Brion tó wà ní Graves nítòsí ibẹ̀, sí ipò márùn-ún. Iye tí wọ́n ń tà wọ́n nígbà náà ni wọ́n tẹ̀ lé. Láti ọjọ́ náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ti kúrò ní ipò kejì bọ́ sí ìkíní: Mouton Rothschild, ní ọdún 1973. Àwọn márùn-ún tó wà lókè, ìyẹn Lafite, Latour, Margaux, Haut-Brion àti Mouton, kì í ṣe ohun tí à ń bá ara wa sọ níbí. Àmọ́ tí ẹ bá rí Grand Cru Classé en 1855 lára ìgò tó wà ní ipò kẹrin tàbí ìkarùn-ún, òótọ́ lẹ rí.

Grand Vin de Bordeaux ní tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan náà wà lára ìgò méjì tí owó wọn jìnnà síra. Saint-Émilion Grand Cru, tó ń ti apá mìíràn ní Bordeaux wá, pàápàá kò ga tó bó ṣe ń dún. Ilé ọtí tó ń lò ó pọ̀ jọjọ, Grand Cru Classé ti ibẹ̀ ló ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Vieilles Vignes (igi àjàrà àtijọ́), Premium, Special Selection, ìgò wúwo, àmì ẹ̀yẹ aláwọ̀ góòlù: ẹ má fi èyíkéyìí nínú wọn ṣe ìdí tí ẹ fi máa náwó.

Nàìjíríà ní ọ̀nà mìíràn tó rọrùn, ìyẹn Gúúsù Áfíríkà, tí wáìnì rẹ̀ ti kún ṣọ́ọ̀bù wa. Àmọ́ àwọn dídùn tó gbajúmọ̀ ni ọ̀pọ̀ mọ̀. Ẹ béèrè Cabernet Sauvignon láti Stellenbosch, tàbí Paul Sauer tí ilé Kanonkop ń ṣe ní irú ọ̀nà ti Bordeaux. Ní iye tí ẹ máa fi ra Bordeaux tí kò jọ nǹkan kan, ohun gidi lẹ máa rí níbẹ̀.

Ọdún tó wà lára ìgò ńkọ́?

Ọdún tí wọ́n kórè àjàrà ni. Vintage kò túmọ̀ sí pé ó gbó, kò sì túmọ̀ sí pé ó dára. Òjò àti òtútù da ọdún 2013 rú ní Bordeaux. 2016 sì dára níbẹ̀ dé gongo, ó dára ní Barolo pẹ̀lú.

Àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n ra ọdún ìbí ẹni tí wọ́n ń bá yọ̀. Ó dùn mọ́ni létí, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ kò mọ ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni. Ọdún 1964 jẹ́ ọdún àrà ní Rioja. 1965 sì wà lára èyí tó burú jù lọ ní Bordeaux. Bí ọdún olólùfẹ́ yín bá burú ní ibì kan, ẹ wò ó níbòmíràn, tàbí kí ẹ wo ọdún ìgbéyàwó. Ẹ má sì ra wáìnì kékeré kí ẹ wá tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ jù lọ wáìnì tí wọ́n ń ṣe láyé, kí wọ́n mu ún láàárín ọdún díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ayédèrú, àti èyí tí oòrùn ti bàjẹ́?

Ayédèrú wáìnì kì í ṣe ọ̀ràn tiwa nìkan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2008, wọ́n gbé wáìnì Clos Saint-Denis, oko Grand Cru kan ní Burgundy, tó ní orúkọ ilé ọtí Domaine Ponsot lára jáde fún títà ní gbàǹjo ní New York. Ọdún 1945 sí 1971 ni wọ́n kọ sára wọn. Laurent Ponsot, tó ń darí ilé ọtí náà, fúnra rẹ̀ wọ bàálù wá láti Faransé, ó ní kí wọ́n mú wọn kúrò: ọdún 1982 ni ilé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wáìnì yẹn. Ẹni tó kó wọn wá, Rudy Kurniawan, ń pò wọ́n nílé rẹ̀ ní California ni. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní ọdún 2013, wọ́n sì fi í sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní 2014. Àwọn olówó tó mọ wáìnì dáadáa ló tàn jẹ.

Ní Nàìjíríà, ọwọ́ ẹni tó ń kó o wọlé ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Àmọ́ lójú mi, oòrùn ń ba ọ̀pọ̀ ìgò jẹ́ níbí ju ayédèrú lọ. Nǹkan bí ìwọ̀n 12 tàbí 13 Celsius ni ibi ìpamọ́ rẹ̀ yẹ kó tutù dé. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń pa ẹ̀rọ amúlétutù lálẹ́, tí oòrùn ọ̀sán sì ń wọ ojú fèrèsé rẹ̀, wáìnì inú rẹ̀ ti jinná. Bí kọ́ọ̀kì bá yọ orí sókè, bí wáìnì bá ti jò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí bí wáìnì inú ìgò bá ti lọ sílẹ̀ kúrò lọ́rùn, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. Ẹ má ra èyí tí wọ́n gbé síwájú fèrèsé fún ẹwà.

Ṣé ó lè bá oúnjẹ ata rìn?

Ó lè bá a rìn, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ọtí tó le máa ń jẹ́ kí ata tani sí i, táníìnì tó pọ̀ sì ń dá kún un. Barolo pẹ̀lú asun, ìjà ni. Bí ata bá máa wà lórí tábìlì, ẹ lo Rioja tó ti gbó tàbí Pinot Noir ti Burgundy, kí ẹ pa Barolo àti Bordeaux mọ́ fún màlúù tàbí àgùntàn sísun tí ata kò pọ̀ nínú rẹ̀.

Kí lẹ máa ṣe kí ẹ tó ṣí i?

Wọ́n máa ń ní kí wọ́n mu wáìnì pupa bí yàrá bá ṣe rí. Yàrá ilẹ̀ Yúróòpù ayé àtijọ́ ni wọ́n ń wí, ìwọ̀n 16 sí 18, kì í ṣe pálọ̀ Ìbàdàn tó ti tó 30. Ẹ gbé e sínú fíríìjì fún bí ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú kí ẹ tó ṣí i. Bí kò bá tíì gbó, ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì tó fẹ̀ ní wákàtí kan tàbí méjì ṣáájú. Atẹ́gùn á rọ̀ ọ́. Èyí tó ti gbó gan-an kò fẹ́ ìyẹn, kíákíá ni kí ẹ mu ún. Bó bá ń rùn bíi páálí tí omi wọ̀, kẹ́míkà kan tó ń ti inú kọ́ọ̀kì wá, tí wọ́n ń pè ní TCA, ló bà á jẹ́. Kò ní pa yín lára, àmọ́ ẹ gbé e padà síbi tí ẹ ti rà á, ṣọ́ọ̀bù tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á pààrọ̀ rẹ̀.

Mìlílítà 750 ló wà nínú ìgò kan, ìyẹn ife márùn-ún. Nítorí náà, ẹ má gbé e lọ sí gbọ̀ngàn tí èèyàn ọgọ́rùn-ún mẹ́ta jókòó sí, níbi tí àwọn tó ń gbé ọtí á ti ṣí i, tí wọ́n á bù ú fún tábìlì àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rí. Ẹ tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, nígbà tí àlejò bá ti lọ, tó ku màmá àti àwọn ọmọ nìkan nílé.